Bí A Ṣe Ń Tún Yàrá Ṣe fún Ehoro Tó Ń Bá Àwọn Ẹran Inú Àgò Gbé

Ẹni tó bá gba yàrá kan ṣoṣo ní Under-G tàbí ní Adéníkẹ̀ẹ́ ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn, kì í sábà ní ààyè láti kọ́ ilé ehoro sọ́tọ̀. Inú yàrá kan náà ni àgò kuéèlì, àparò kékeré tí a ń sìn nítorí ẹyin rẹ̀, máa ń wà. Ibẹ̀ náà ni eku òyìnbó tí a ń pè ní guinea pig ń gbé. Ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ni gbogbo wọn ń sùn. Bí ehoro bá wà nínú àgò tirẹ̀, ìṣòro kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ehoro kì í ṣe ẹran tí ó yẹ kí a há mọ́ tọ̀sán-tòru: egungun rẹ̀ ń fẹ́ eré sísá, ìfun rẹ̀ kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa bí kò bá rìn. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó yẹ kí ó fi wà níta àgò lójúmọ́, láàárín àkókò yẹn ni yàrá yóò sì di ti gbogbo wọn pátápátá.

Wáyà iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí bí a bá ní kí wọ́n tún yàrá ṣe nítorí ehoro. Wáyà ṣe pàtàkì, n óò sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí ẹran mìíràn wà, ewu tí mo kà sí àkọ́kọ́ fún ehoro ni oúnjẹ àti oògùn àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, ewu tí mo sì kà sí àkọ́kọ́ fún wọn ni ehoro fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ara àgò ni a óò ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó bọ́ sí ara ògiri àti ilẹ̀.

Ehoro àti eku òyìnbó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn méjèèjì bá ara wọn mu. Àwọn méjèèjì ń jẹ koríko, àwọn méjèèjì kì í pariwo, àwọn kan tó ń tà wọ́n sì máa ń kó wọn papọ̀ sínú àgò kan. Ìgbàgbọ́ yìí ti pa ọ̀pọ̀ eku òyìnbó. Ehoro lè gbé kòkòrò àìfojúrí kan tí a ń pè ní Bordetella bronchiseptica sínú imú àti ọ̀fun rẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ń ṣe é, tí yóò máa jẹun, tí yóò máa fò kiri. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò náà bá ran eku òyìnbó, ó lè di òtútù àyà tí ó le gan-an, tí ẹran náà yóò sì kú kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ pé àìsàn wà níbẹ̀. Sísín àti fífi imú kan imú ló ń tàn án kálẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi ojú lásán wo ehoro kí a mọ̀ bóyá ó gbé e tàbí kò gbé e.

Èrò tèmi ni pé bí ilé bá ní ibi méjì tí a lè lò, kí eku òyìnbó lọ sí ibì kejì, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn àti òjò kò ti lè débẹ̀. Bí kò bá sí ibòmíràn, kí àgò rẹ̀ wà lórí tábìlì tí ó ga tó mítà kan, ní ìhà fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí àgò ehoro sì wà ní ìhà kejì tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Báyìí, afẹ́fẹ́ kò ní máa ti ọ̀dọ̀ ehoro fẹ́ bá a. Kí ọwọ́ tó ti di ehoro mú má ṣe lọ tààrà sínú àgò eku òyìnbó. Omi àti ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ kàn, ohun tí ó rọrùn jù lọ sì ni pé kí a máa tọ́jú eku òyìnbó tán ní òwúrọ̀ kí a tó yíjú sí ehoro.

Yàtọ̀ sí àrùn, ehoro lágbára jù ú lọ. Ìtàpá kan láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro tó egungun eku òyìnbó fọ́, akọ ehoro tí a kò tẹ̀ lọ́dàá sì máa ń fẹ́ gun ohunkóhun tó bá ń mí nítòsí rẹ̀. Oúnjẹ wọn náà kò dọ́gba. Ara ehoro ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, ti eku òyìnbó kò lè ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn náà kò ti lè ṣe é, nítorí náà eku òyìnbó tí a ń fún ní oúnjẹ ehoro nìkan yóò máa rù, oríkèé rẹ̀ yóò máa wú, eyín rẹ̀ yóò sì máa mì. Ata rodo aláwọ̀ ewé kọ́ ni ojútùú o; tàtàṣé ni kí a gé fún un, èyí kò ta, fítámì C inú rẹ̀ sì pọ̀.

Oúnjẹ kuéèlì tó ń dà sílẹ̀

Ẹni tó bá ti sin kuéèlì rí mọ̀ pé ẹyẹ náà kì í jẹun jẹ́jẹ́. Yóò fi àgógó wa oúnjẹ, yóò jù ú sọ́tùn-ún sósì, ìdá kan nínú rẹ̀ yóò sì gba àárín irin àgò bọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ yìí gan-an ni ehoro ń fi imú gbá kiri. Oúnjẹ kékeré tó dà bí ìyẹ̀fun yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ kíyè sí ju ohun gbogbo lọ, nítorí pé kò jọ ewu lójú rárá.

Ọ̀pọ̀ oúnjẹ ọmọ adìẹ inú àpò, tí a ń rà fún kuéèlì nítorí pé amúaradàgbà inú rẹ̀ pọ̀, ni wọ́n ti po oògùn mọ́ láti dènà àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ ni salinomycin àti narasin. Adìẹ gbà á, kò sì ṣe é ní nǹkan. Fún ehoro, májèlé ni: ó máa ń ba iṣan ara jẹ́, títí kan ọkàn, ẹran náà yóò máa wọ́ ẹsẹ̀, kò ní lè gbé orí sókè mọ́. (Irú oògùn kan náà, èyí tí a ń pè ní monensin, ni ó ti pa ẹṣin púpọ̀ káàkiri ayé nítorí pé ẹnì kan ṣèèṣì bu oúnjẹ ẹran mìíràn fún wọn.) Nítorí náà, kí a ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò kí a tó rà á. Bí àpò náà kò bá ní àkọlé kankan, bí èyí tí a ń wọ̀n ní ọjà, kí a gbà pé oògùn wà níbẹ̀, kí a sì ṣe bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí oògùn kò bá tiẹ̀ sí nínú rẹ̀, ọkà àti àgbàdo lílọ̀ kì í ṣe oúnjẹ ehoro. Koríko ni ìfun rẹ̀ mọ̀ ọ́n dà. Bí ó bá jẹ ìyẹ̀fun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ yóò wú, afẹ́fẹ́ yóò kún un, ehoro kò sì lè bì. Ohun tó bá ti gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá kò tún gba ọ̀nà náà padà mọ́.

Ọ̀nà tí a fi ń dá oúnjẹ yìí dúró kò le. Kí a fi pákó pẹlẹbẹ tàbí rọ́bà líle, irú èyí tí a lè gé lára gálọ́ọ̀nù ńlá tó ti lò tán, yí ìsàlẹ̀ àgò kuéèlì ká láti ilẹ̀ àgò dé ìwọ̀n ìdajì gíga rẹ̀, kí oúnjẹ tí ẹyẹ náà bá jù máa lu ara rẹ̀ kí ó sì máa padà sínú. Lábẹ́ àgò, kí a fi àwo páànù tí etí rẹ̀ ga díẹ̀ gba ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó bá já. Àwọn kan máa ń fi aṣọ yí àgò ká dípò pákó. Aṣọ náà yóò dá oúnjẹ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ehoro yóò fà á bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, yóò sì jẹ lára rẹ̀. Kí a gbá ilẹ̀ kí a tó ṣílẹ̀kùn fún ehoro, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti jáde. Oúnjẹ tó kù nínú àpò yẹ kó wà nínú ike kùn onídèérí tí ó le, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni eyín ehoro nílò láti la àpò ọ̀rá.

Omi kuéèlì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí àwọn ẹyẹ náà bá ń ṣàìsàn tí a sì po oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí mọ́ omi wọn, kí ehoro má ṣe jáde sínú yàrá títí a ó fi parí oògùn náà, àyàfi bí a bá lè gbé omi yẹn síbi tí ẹ̀kán kan kò ti ní já sílẹ̀. Ampicillin, amoxicillin àti lincomycin, bí wọ́n bá gba ẹnu wọ inú ehoro tàbí eku òyìnbó, máa ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá wọn da koríko nínú ìfun, àwọn búburú á wá gba ipò wọn, ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ẹran á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní ìwà kí ó máa tú kápúsù ènìyàn sínú omi ẹran yẹ kó jáwọ́ pátápátá nínú yàrá tí ehoro wà.

Bí a ṣe ń to àgò

Ehoro tó dàgbà lè fò tó ọgọ́ta sí àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà sókè láìsí wàhálà. Nítorí náà gíga tábìlì nìkan kò tó; ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ni kí a wò. Àga, àpótí ìwé, ike omi, gbogbo èyí tí ehoro lè fi ṣe àkàsọ̀ ni kí a gbé kúrò. Ẹsẹ̀ tábìlì pákó yẹ kó ní páànù tàbí nẹ́ẹ̀tì onírin ní ìsàlẹ̀, nítorí pé ehoro á jẹ ẹ́, àgò tó wà lókè á sì máa mì. Kí a fi ìṣó tàbí okùn líle so àgò mọ́ ògiri.

Nẹ́ẹ̀tì adìẹ tí ihò rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́fà kò tó fún àgò tí ehoro lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wáyà rẹ̀ fẹ́lẹ́, eyín ehoro lè gé e, ihò rẹ̀ sì gba imú àti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n jó mọ́ra, tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ, ni ó yẹ. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n àgò tó wà nísàlẹ̀ nìkan ni ó nílò rẹ̀. Èyí tó wà lókè lè máa lo nẹ́ẹ̀tì adìẹ rẹ̀ lọ.

Kuéèlì ní ìwà kan tí ó yẹ kí ẹni tó ní ehoro mọ̀. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, kì í sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkè tààrà ni ó máa ń fò bí ọta. Ehoro ní tirẹ̀, nígbà tí ó bá fura sí nǹkan, máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì! ní òru. Bí àgò kuéèlì bá ga tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ẹyẹ náà á ní ààyè láti yára kí ó tó fi orí gbá irin, orí á sì bó tàbí kí ọrùn kán. Nítorí náà, kí òrùlé àgò kuéèlì lọ sílẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tàbí kí a fi nẹ́ẹ̀tì ọ̀rá tó rọ̀ na abẹ́ òrùlé rẹ̀. Fún ehoro, ẹní koríko lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yóò dín ariwo ẹsẹ̀ náà kù, yóò sì tún gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ egbò, nítorí pé irun nìkan ló bo àtẹ́lẹsẹ̀ ehoro.

Má ṣe gbé àgò ẹyẹ sí òkè àgò ehoro gan-an. Ìgbẹ́ ẹyẹ lè gbé Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹ́ àti eruku rẹ̀ á sì máa bọ́ sínú koríko. Má sì ṣe gbé ẹran kankan sí abẹ́ páànù òrùlé tí kò ní àjà. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ooru Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń ga débi pé ehoro, tí kì í làágùn, tí ó sì jẹ́ pé etí rẹ̀ ni ó fi ń tú ooru ara dànù, kò ní lè fara dà á. Bí yàrá bá ti kọjá 30°C, kí a fi ìgò omi tó ti di yìnyín, tí a fi aṣọ wé, sí ẹ̀gbẹ́ ehoro, kí a sì fi ọwọ́ tútù pa etí rẹ̀. Eku òyìnbó náà kò fẹ́ ooru bẹ́ẹ̀.

Wáyà, fóòmù àti ilẹ̀

Nínú igbó, ehoro a máa gbẹ́ ihò, gbòǹgbò igi tó bá sì dábùú ọ̀nà rẹ̀ ni yóò gé. Wáyà tó nà sílẹ̀ jọ gbòǹgbò lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń gé e kíá, láìṣe pé ebi ń pa á. Eyín iwájú rẹ̀ kì í dáwọ́ dídàgbà dúró títí yóò fi kú, nítorí náà kò sí ìgbà tí gígé yóò sú u.

Àwọn kan máa ń fi omi ewúro tàbí ata pa wáyà. Ti ewúro tilẹ̀ dùn mọ́ ehoro mìíràn, nítorí pé ó ń jẹ ewé rẹ̀ bí oúnjẹ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni páìpù tí àwọn oníwáyà fi ń gba iná kọjá lára ògiri. Kí a ra páìpù náà ní ìwọ̀n tí ó gba wáyà wa, kí a fi abẹ ayùn irin la ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ láti orí dé ìdí, ìlà kan ṣoṣo, kí a ṣí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí a sì máa ti wáyà wọ inú rẹ̀ bí a ti ń lọ. Páìpù yóò pa dé fúnra rẹ̀. Kí ìlà tí a là náà kọjú sí ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni ehoro yóò ti kọ́kọ́ wá ọ̀nà. Ẹ̀sténṣọ̀n tí a ń fà káàkiri yẹ kó wà nínú àpótí pákó tí a gbẹ́ ihò kékeré sí, tàbí kí ó gbà lára ògiri ní òkè mítà kan. Wáyà fóònù tó ń rọ̀ dirodiro láti orí ibùsùn kò ní òògùn ju kí a ká a.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti àwa nílẹ̀ yìí. Nígbà tí iná kò bá sí, a máa ń rò pé wáyà kò ní ewu. Ehoro á gé e ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kò sí, kò ní ṣe é ní nǹkankan, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Òru ni wọn yóò mú iná dé, 230 fólíìtì nínú wáyà tó ti ṣí sílẹ̀ lórí ẹní koríko, lẹ́bàá àgò tí ó kún fún koríko gbígbẹ. Nítorí náà kí a máa pa bọ́tìnì ara ògiri kí ehoro tó jáde, kí a sì máa fi ọwọ́ tọ wáyà láti ìdí dé orí lẹ́yìn tó bá ti wọlé, kí a tó tàn án padà.

Fóòmù tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ehoro yóò kà sí òkìtì tí ó yẹ kó gbẹ́. Ó máa ń gba abẹ́ wọlé, a kì í sì í tètè rí i. Ègé fóòmù tó bá gbé mì lè dí ìfun rẹ̀. Bákan náà ni òwú rọ́ọ̀gì onírọ́bà. Kí fóòmù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí a sì fi pákó dí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà yíká. Bí a kò bá ní bẹ́ẹ̀dì, kí a gbé fóòmù náà dúró mọ́ ògiri kí a sì fi pákó dí iwájú rẹ̀ ní àkókò tí ehoro bá wà níta.

Ibi tí orí ehoro bá ti gbà, ara rẹ̀ yóò gbà. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ ilẹ̀kùn, igun tí sìmẹ́ǹtì ti ṣí, ihò tí omi òjò ń gbà jáde: kí a fi sìmẹ́ǹtì àti nẹ́ẹ̀tì onírin dí gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ yìí sàn fún àwọn ẹran inú àgò náà, nítorí pé ihò tí ehoro ń gbà jáde ni eku ilé ń gbà wọlé. Oúnjẹ kuéèlì ni eku ń wá. Ó máa ń tọ̀ sínú oúnjẹ, ó máa ń jẹ ọmọ ehoro tí kò tíì lajú, ejò sì máa ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń gba ọ̀kan lọ́wọ́ ewu tó sì ń pa èkejì

Níbi tí ẹran bá ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe kan lè bí ìṣòro mìíràn. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni agolo tí a ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì nítorí ìjàlọ. Ìjàlọ lè pa odindi àgò kuéèlì mọ́jú, nítorí náà a kò lè yọwọ́ agolo. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti lò, tí ọ̀pọ̀ ń bù sínú rẹ̀, ni ehoro yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí yóò sì lá kúrò lára irun rẹ̀. Omi àti ọṣẹ ni kí a lò dípò rẹ̀, kí a sì gé ìdí ike kan kúrò kí a fi bo agolo náà láti òkè, kí ó má kan omi, kí ó má sì kan ilẹ̀, ní ọ̀nà tí ẹnu ehoro kò fi ní débẹ̀.

Oògùn eku kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá náà rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni dichlorvos, oògùn tí a fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn. NAFDAC ti gbé ìgbésẹ̀ lórí títa ìgò kékeré rẹ̀ láti 2019, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń fọ́n ọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í fara da èéfín bí ti àwọn ẹran mìíràn, nítorí náà kuéèlì ni yóò kọ́kọ́ ṣubú, ehoro tí imú rẹ̀ wà nílẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Nítorí ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni kí a lò. Páànù dídín tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ náà kò dára nítòsí ẹyẹ: bí ó bá gbóná jù lórí iná, èéfín tí a kò lè rí tó ń jáde lára rẹ̀ ń pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Èyí kan àwa pẹ̀lú.

Òórùn ìtọ̀ náà wà lára èéfín. Kí a bẹ̀rẹ̀ títí imú wa yóò fi dé ibi tí imú ẹran wà, kí a sì mí: bí ojú bá ta wá, ó ti pẹ́ tí ojú wọn ti ń ta wọ́n. Fífọ àwo ìtọ̀ lójoojúmọ́ ló ń ṣe é.

Koríko tí a bá gé lẹ́bàá títì tàbí nínú oko tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko sí kò yẹ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ewé ànàmọ́, yúnyún àti èèsún dára. Ewé píà kò dára fún ehoro, ó sì tún burú jù fún ẹyẹ. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Èèpo kóró kájú tútù, tó wọ́pọ̀ ní agbègbè wa ní àsìkò rẹ̀, ní òróró tó ń bó ẹnu. Igi gúáfà tó ti gbẹ ni kí a fún ehoro láti máa fi pa eyín.

Ẹran tuntun àti ọjọ́ àkọ́kọ́

Ehoro tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Arada tàbí ní ibòmíràn kò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí kí ó tó lo ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ní ibòmíràn, pẹ̀lú àwo oúnjẹ àti omi tirẹ̀. Oṣù kan ló dára jù. Ní 2020 ni àrùn ehoro tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dà nínú ara jáde ní Nàìjíríà, kì í sì í fi àmì hàn púpọ̀ kí ó tó pa ehoro. Ara aṣọ, bàtà àti koríko ni ó lè bá wọlé. Kì í ran eku òyìnbó tàbí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ehoro tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ́kọ́ tú ehoro sílẹ̀, kí a dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀, kí a rá kòrò yíká yàrá, kí a máa wo ohun gbogbo láti ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí a kò rí ní ìdúró yóò hàn: ìṣó tó yọrí lábẹ́ tábìlì, ìrẹsì tó bọ́ sẹ́yìn ààrò, okùn ọ̀rá àpò. Kí a wá tú ehoro kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ máa ń yá, kí a sì jókòó sílẹ̀ wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ó bá lọ dúró sí ẹsẹ̀ àgò kan tí kò fẹ́ kúrò, kí a má bínú sí i. Nǹkan kan ń já sílẹ̀ níbẹ̀, kí a lọ wá a. Bí ó bá ń fọ́n ìtọ̀ sí ara àgò ẹlòmíràn, akọ tó ti bàlágà ló sábà máa ń jẹ́, dókítà ẹran ló lè bá wa tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kí a máa wo àwọn tó wà nínú àgò náà: eku òyìnbó tó dúró gbọnin-gbọnin sí igun kan ní gbogbo àkókò tí ehoro fi wà níta kò tíì bá a mọ́ra, ó sì nílò àpótí tí ó lè sá wọ̀ nínú àgò tirẹ̀.

Bí ehoro bá lọ wákàtí méjìlá láìjẹun tàbí láìyàgbẹ́, bí ó bá ti jẹ oúnjẹ ẹyẹ, tàbí bí ó bá ti gé wáyà tí iná wà lára rẹ̀, kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Fún wáyà, bọ́tìnì ni kí a kọ́kọ́ pa, kí a tó fọwọ́ kan ehoro. Fún oúnjẹ, kí a mú àpò rẹ̀ dání, kí dókítà lè ka orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ìlọrin ló sún mọ́ jù. Inú àpótí tó ṣókùnkùn tí a gbẹ́ ihò afẹ́fẹ́ sí ni kí a gbé e lọ, pẹ̀lú koríko díẹ̀, kí eku òyìnbó má sì wà nínú àpótí kan náà bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń ṣàìsàn.